Ẹni Tó Hun Aṣọ Ni Kó Polówó Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Òwò Òkè-Ògùn Lórí Ayélujára

 

Ẹ ní kí n wá sọ bí ayélujára ṣe ń yí ọ̀nà tí oníṣòwò ń gbà bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ padà. Mo lè sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Èkó, kí n máa ka orúkọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá fún yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè-Ògùn la wà, òwò Òkè-Ògùn ni n ó sọ: ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Kìṣí, ilẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ń bọ́ Ìbàdàn àti Èkó, tí aṣọ rẹ̀ sì wà lára àwọn ọlọ́lá níbikíbi tí ọmọ Yorùbá bá ti ń ṣe ìnáwó. Ohun kan ni mo bá wá. Fóònù ti fún ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà lágbára láti fẹnu ara rẹ̀ polówó rẹ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Àwọn baba wa kò ní irú agbára yìí. Ṣùgbọ́n ó ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí a kò tíì fojú iṣẹ́ wò ó.

Òwò wa kò yadi kí òyìnbó tó dé. Ọmọ tó ń kiri oúnjẹ mọ ohùn tí yóò fi pe é tí ẹni tó ti yó yóò fi yọjú síta. Àwọn àgbà ló ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tí kò ráyè jókòó ti ọjà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Yóò to iṣu tàbí èso sẹ́bàá ọ̀nà oko, yóò kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iye òkúta náà ni iye owó ẹyọ tí èrò ọ̀nà yóò fi sílẹ̀. Ọlọ́jà wà lóko, ẹni tó rà á ti bá tirẹ̀ lọ, wọn kò fojú kan ara wọn, owó sì pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta yẹn sọ́kàn, n ó padà sí i.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní pàràkòyí ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò. Bí àlejò bá gbé ọjà wọ̀lú, wọ́n mọ̀ sí i. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti onílé, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹjọ́ ń lọ.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti jìn, ẹlòmíràn ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣe ọjà. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn a ta aṣọ fún alájàpá, alájàpá a gbé e lọ sí ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ará Èkó yóò ti wá kó o. Nígbà tí aṣọ yóò fi dé orí ìyàwó tó ń ṣe ìgbéyàwó, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó hun ún. Ahunṣọ náà kò mọ ẹni tó wé e, kò mọ̀ bóyá ó dùn mọ́ ọn, kò sì mọ iye tí wọ́n tà á. Ìwé ìròyìn kò yí èyí padà, láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Rédíò kò yí i padà. Tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1959 kò yí i padà. Olówó ló ń fi gbogbo wọn polówó. Tiwa ni ká máa gbọ́. Bí oníṣòwò kékeré bá sì fẹ́ kọ lẹ́tà, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni yóò lọ, akọ̀wé yóò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò sì ní lè ka ohun tí wọ́n kọ lórúkọ rẹ̀.

Ní 2001 ni ìjọba àpapọ̀ ta ìwé àṣẹ GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Facebook dé, WhatsApp tẹ̀ lé e, Instagram náà dé. Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí WhatsApp, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín báyìí, púpọ̀ nínú yín sì ń lò ó láìmọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ahunṣọ kan n'Ìṣẹ́yìn. Ó jókòó nídìí òfì, ọ̀kọ̀ ń lọ ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ìǹṣì mẹ́rin lọ ń jáde díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó sinmi, ó fi fóònù ya àwòrán aṣọ náà, ó gbé e sórí Status. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òun ti gbé ọjà síwájú ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí 24 ni àwòrán náà yóò lò kó tó parẹ́. Ẹni tó fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù, tí ahunṣọ náà sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ pamọ́, nìkan ni yóò rí i. Ẹni tó ń wá aṣọ òkè lójú méjèèjì ní Àkúrẹ́ kò ní rí i láéláé, bí wọn kò bá ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Bó bá sì fẹ́ fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà nípa broadcast, àkọsílẹ̀ kan kò gbà ju ènìyàn 256 lọ, ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóònù kò ní rí iṣẹ́ náà gbà. Gúrúùpù gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ènìyàn 1,024 láti ìparí ọdún 2022, ṣùgbọ́n ariwo gúrúùpù pọ̀: àdúrà, ìròyìn òṣèlú, ìkíni ọjọ́ ìbí. Ọjà tí wọ́n gbé síbẹ̀ láàárọ̀ ti lọ sókè kọjá ojú kó tó di ọ̀sán.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí WhatsApp ń bá oníṣòwò ṣe ni pé kó tọ́jú ojúlùmọ̀. Bí ènìyàn bá ra aṣọ lọ́wọ́ yín, kó tó kúrò níwájú yín, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí òun náà fi tiyín pamọ́, kí ẹ sì rí i kó tó lọ. Ilé-iṣẹ́ náà gbé WhatsApp Business jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 fún àwọn oníṣòwò kékeré. Ọ̀fẹ́ ni. Ààyè wà nínú rẹ̀ lónìí tí ẹ lè to ọjà yín sí, pẹ̀lú àwòrán, àlàyé àti iye owó, tí kò ní parẹ́ bó bá di ọjọ́ kejì. Ẹ̀ ń san owó dátà lóṣooṣù. Ohun tí ẹ lè fi dátà náà ṣe wà níbẹ̀ tí ẹ kò lò ó. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí àjèjì rí ọjà òun, orí Facebook tàbí Instagram ni kó lọ, níbi tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ti lè bá ọjà rẹ̀ pàdé.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohùn. Láti 2013 ni ènìyàn ti lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún wa. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ láfún tàbí gàrí ní Ṣakí, tí kò rìn lọ sílé ìwé rí, ń bá oníbàárà rẹ̀ ní Agége dúnàádúrà báyìí láìwá akọ̀wé. Ó ń kí i, ó ń bi í léèrè ọmọ, ó ń ṣàdúrà fún un, ó ń sọ iye owó, ó ń yọ díẹ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá, pẹ̀lú ohùn Òǹkò tí ọmọ ìlú rẹ̀ ní ìdálẹ̀ ń gbọ́ tí ara rẹ̀ ń yá. Ọ̀rọ̀ òwò ọ̀nà jíjìn tó ti di ti akọ̀wé àti Gẹ̀ẹ́sì ti padà sẹ́nu ẹni tó ni ín. Mo gbà pé èyí tóbi ju gbogbo ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó ti ṣe fún wa lọ. Àléébù kan ló wà nínú rẹ̀: ohùn kì í rọrùn láti wá rí bí ìjà bá dé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ta ni yóò tún gbọ́ ọgbọ̀n iṣẹ́ ohùn kó tó rí ibi tí wọ́n ti fẹnu kò? Ẹ fi ohùn dúnàádúrà. Bí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan: ọjà wo, mélòó, iye rẹ̀, ọjọ́ tí yóò délé oníbàárà. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ọmọ ilé wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwòrán náà ṣe pàtàkì fún aláṣọ. Aró tó wà lára aṣọ òkè tí à ń pè ní ẹtù jinlẹ̀. Bí ẹ bá ya á nínú yàrá, dúdú ni yóò jọ, àwọn ìlà fínnífínní tó fún un ní iyì kò sì ní hàn. Iná yàrá a máa sọ àwọ̀ sányán di ofeefee. Ẹni tó wà ní London tó rà á yóò ṣí ẹrù, yóò rí aṣọ mìíràn, yóò sì sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì, nígbà tó jẹ́ pé kámẹ́rà ló parọ́. Ẹ gbé aṣọ síta láàárọ̀, lábẹ́ òjìji, kí oòrùn má baà kọlù ú ní tààrà. Ẹ ya gbogbo rẹ̀, kí ẹ tún ya á ní tòsí kí wọ́n lè rí okùn, kí ẹ sì na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Lẹ́yìn àwòrán ni òtítọ́ kù. Sányán ìgbà àwọn baba wa, okùn tí wọ́n ń fà lára ilé àwọn kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún. Okùn sẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní sányán jẹ́ òwú tàbí okùn ilé-iṣẹ́ tó ní àwọ̀ sányán. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, aṣọ náà rẹwà, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí a pe òwú ní sẹ́dà fún ẹni tó wà lókèèrè tí kò lè fọwọ́ bà á. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, a sì ń rí i lórí ayélujára lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra èké lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀ máa ń ya àwòrán ohun tí wọ́n fi hàn án àti ohun tó gbà, yóò gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò sì rí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúkọ ìlú ni yóò bá a lọ pẹ̀lú.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ẹ ṣí Instagram, ẹ wá aṣọ òkè. Ẹ ó rí ojú òpó lóríṣiríṣi, àwòrán tó mọ́ gaara, ìyàwó tó wé gèlè bí ọba. Mélòó nínú wọn ló dárúkọ Ìṣẹ́yìn? Mélòó ló sọ orúkọ ọkùnrin tó jókòó nídìí òfì? Wọ́n á dárúkọ ẹni tó kun ìyàwó lójú, ẹni tó wé gèlè, ẹni tó ya fọ́tò, ẹni tó rán aṣọ. Ẹni tó hun ún kò sí níbẹ̀. N kò bú àwọn tó ń tún un tà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ná owó, wọ́n sì ń bá wa wá ọjà. Ohun tí mo ń sọ ni pé alájàpá ìgbà yìí kò gbé aṣọ nìkan lọ, ó gbé ìtàn rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ẹni tí ìtàn ọjà bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ iye tí ọjà náà tó. Ẹ rántí àdìrẹ Abẹ́òkúta. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní China, tó fara jọ àdìrẹ, ti wọ ọjà, ó ń bá ti aláró du ọjà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á kò sì mọ ìyàtọ̀. Ojú àwòrán fóònù kì í tètè mọ aṣọ òfì yàtọ̀ sí aṣọ tí ẹ̀rọ hun. Àfi kí ẹnìkan sọ ọ́. Ta ni yóò sọ ọ́ bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Fídíò kékeré ahunṣọ nídìí òfì, tí ọ̀kọ̀ ń dún, tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, "Orúkọ mi nìyí, Ìṣẹ́yìn ni mo wà, ẹtù ni mò ń hun yìí, òwú ni," ohun tí ẹni tó ń tún un tà kò lè ṣe nìyẹn. Kò ní òfì. Kí ẹni tó ní òfì lo ohun tó ní.

Mo ní n ó padà sí òkúta. Àwọn tó ń tajà lórí ayélujára ti sọ ọ́ di àṣà láti gbé ọjà síta kí wọ́n fi iye owó pamọ́. Ènìyàn yóò béèrè, wọ́n á ní, "Ẹ wá sí inbox." Mo mọ ohun tí ọlọ́jà ń sọ: owó òwú ń yí padà, ìdúnàádúrà sì jẹ́ àṣà wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà nígbà àtijọ́ mọ̀ pé nígbà tí ojú kò bá rí ojú, iye owó gbọ́dọ̀ hàn. Oníbàárà tó wà ní Amẹ́ríkà yóò rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn òun kí ẹ tó dá iye lé òun, ẹ̀rù yóò sì bà á. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, òfin ọdún 2018, náà pa á láṣẹ pé kí ẹni tó pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn. Ẹ kọ iye tó bẹ̀rẹ̀ sí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sọ pé ó lè yí padà bí owó òwú bá yí padà. Ààyè ìdúnàádúrà ṣì kù.

Ẹ̀rù wà lápá méjèèjì. Ahunṣọ ń bẹ̀rù álàátì òfegè, ẹni tó ń rà ń bẹ̀rù pé bí òun bá fi owó ránṣẹ́, wọn kò ní gbé fóònù òun mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà wá di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tí kò ṣe tiránsífà rí ló di dandan fún láti ṣe é. Wọ́n kọ́ ọ lójú ìyà. Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù gbọ́. Inú àkáǹtì ni kí ẹ wò kí ẹ tó di ẹrù fún ẹnikẹ́ni. Fún ẹ̀rù oníbàárà, pàràkòyí la nílò. Ẹgbẹ́ ahunṣọ lè ṣe é. Ẹ kó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ jọ, ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ, nọ́ńbà wọn, ẹ gbé e sí ojú òpó kan tí gbogbo ayé lè rí, kí ẹ sì yan àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí oníbàárà tí inú rẹ̀ kò dùn lè pè. Ẹni tó bá jẹ owó àlejò, ẹ yọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó lè bá yín ṣe èyí, nítorí wọn kò mọ ilé baba ẹnikẹ́ni n'Ìṣẹ́yìn.

Ti àgbẹ̀ kò gùn. Èrè tó tóbi jù tí fóònù mú wá fún un ni pé ó lè mọ iye tí iṣu ń lọ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí ní ọjà Mile 12 l'Èkó kó tó gbà pé kí ọlọ́kọ̀ di ẹrù. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, tí wọ́n tún ṣe, ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n abúlé ṣì wà lágbègbè yìí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gun òkè kó tó rí nẹ́tíwọ̀kì. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń gba iye tí wọ́n bá dá lé e. Mo bẹ àwọn aṣòfin wa tó wà níbí: bí ẹ ti ń béèrè ọ̀nà, ẹ máa béèrè òpó nẹ́tíwọ̀kì pẹ̀lú.

Kí n tó jókòó, ẹ rántí pé ilé onílé ni gbogbo ojú òpó wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà; ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé fún bí wákàtí mẹ́fà, ẹni tó fẹ́ rajà kò rí ẹni tó ń tà. Fóònù lè sọ nù, olè lè gba ojú òpó yín mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ra ìwé kan, ẹ kọ orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà rẹ̀ àti ohun tó rà sínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn nìyí. Kí ẹ tó di aṣọ kankan, ẹ lẹ àmì kékeré mọ́ ọn, aṣọ tàbí páálí, tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó hun ún sí, orúkọ Ìṣẹ́yìn, irú okùn tó wà lára rẹ̀, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Alájàpá yóò gbé e dé ibi tí fóònù yín kò dé. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí àti ẹ̀yin ti yunifásítì LAUTECH tó wà n'Ìṣẹ́yìn níbí: ẹ̀yin ni fóònù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín wá ahunṣọ kan, kó ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó bá a ṣí WhatsApp Business, kó to aṣọ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti iye owó, kó sì kọ́ ọ títí yóò fi lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.